Ìgò Òfìfo Kún Ẹ̀yìnkùlé: Kí Ni Ká Fi Wọ́n Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ṣe òkú bàbá ọkọ mi lóṣù tó kọjá, ìgò sì kún ẹ̀yìnkùlé wa ní Àjárá, Àgbádárìgì níbí. Ti wáìnì wà níbẹ̀, ti ṣìnáàpù àti burandí, ti bíà àti mínírà, pẹ̀lú àwọn ìgò Bama àti ìgò oyin tí mo ti ń kó pa mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní a kì í da ìgò nù. Mo rí i lórí fóònù pé wọ́n ń fi òwú àti kẹrosíìnì gé ìgò sí méjì, tí ìdí rẹ̀ ń di ife. Ṣé èmi náà lè ṣe é? Kí ni mo tún lè fi wọ́n ṣe tí kò ní ná mi lówó? Mo ń ṣe òróró àgbọn tà díẹ̀díẹ̀, ṣé mo lè máa rọ ọ́ sínú wọn? Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ gígé ṣáájú, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ bèèrè, òun ló lè gbé èèyàn dé ọsibítù kíákíá. Ẹ má gé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú fídíò yẹn kì í ṣe irọ́ o. Wọ́n á rẹ òwú sínú kẹrosíìnì, wọ́n á so ó mọ́ ara ìgò, wọ́n á ṣáná sí i, bó bá jó tán wọ́n á ki ìgò bọ omi tútù, ìgò á sì já. Ìdí tó fi ń já ni pé ooru kì í tètè rìn lára gíláàsì. Ibi tí òwú wà á gbóná, á fẹ́ wú; ibi tó kù ṣì tutù, kò gbà fún un; omi tútù á wá bá wọn lórí ìjà. Àmọ́ ara ìgò kì í nípọn dọ́gba. Ẹ gbé ìgò ṣìnáàpù kan sókè kọjú sí oòrùn kí ẹ wò ó: apá kan ki, apá kan fẹ́lẹ́. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni ìlà máa ń gbà lọ, kì í ṣe ibi tí ẹ so òwú sí, ìgò á wá là kọ́lọkọ̀lọ. Ẹni tó ń ya fídíò á fi èyí tó dára hàn yín, kò ní fi àwọn tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ hàn.

Bó tiẹ̀ já gére, etí rẹ̀ á mú débi pé fífọwọ́kàn lásán lè ya ọwọ́. Ẹ ní láti fi sánpépà ha á, kí ẹ kọ́kọ́ lo èyí tó rí ṣákiṣàki, kí ẹ tó wá lo èyí tó kúnná. Inú omi ni ẹ ó sì ti máa ha á, torí lẹ́búlẹ́bú gíláàsì tó bá gbẹ máa ń fò wọ ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ife kan ṣoṣo! Ife ọ̀hún náà ò sì ṣeé fi mu tíì. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò, bí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ tán, wọ́n máa ń gbé e gba inú iléru kan tó gùn kọjá, kó lè tutù díẹ̀díẹ̀, kí wàhálà ooru má bàa kù sí i lára. Òwú oníná yẹn ló tún ń dá wàhálà náà padà. Ó lè ti sán níbi tí ojú ò tó, ọjọ́ tí ẹ bá da ògì gbígbóná sí i ni ìdí rẹ̀ á jábọ́ sórí itan ọmọ.

Ẹni tó bá ń wá ife, ìgò Bama àti ti oyin ti jẹ́ ife láti ibi tí wọ́n ti wá. Ẹnu wọn fẹ̀, etí wọn jọ̀lọ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ máa fi wọ́n mu omi, ó parí.

Kì í ṣe pé àwa ò mọ iṣẹ́ gíláàsì o. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì jáde pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì ti rí ẹ̀rí pé àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì tiwọn níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ní Bídà, ní ilẹ̀ Núpé, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Masaga ń yọ́ ìgò ọtí di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n iléru ni wọ́n ń lò, àtìrandíran ni iṣẹ́ náà sì jẹ́ fún wọn. Ẹ̀yìnkùlé tí ìbejì ti ń sáré kiri kọ́ ni ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgò tí kò fọ́, tí a ò gé, ló wúlò jù nínú ilé, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí sì dá lórí odindi ìgò.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo wọn síta kí ẹ ṣà wọ́n. Ìgò bíà àti ìgò mínírà tó ní kéréètì kì í ṣe tiyín. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ rà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ni ìgò. Ẹ tò wọ́n padà sínú kéréètì kí ẹ gbé wọn lọ fún ẹni tó tà á fún yín, kó dá owó ìgò yín padà tàbí kó kà á mọ́ ọjà míì. Ilé iṣẹ́ á fọ̀ ọ́, á tún pọn ọtí sí i, ìgò kan náà á lọ, á bọ̀, léraléra. Kò sí nǹkan tí èmi tàbí ẹ̀yin lè fi ìgò yẹn ṣe nílé tó lérè tó ìyẹn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kùn ún kó wá sọ pé òun ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìgò ọtí olówó ńlá ni kí ẹ là lójú sí. Bí oníra-ìgò bá ń yí ìgò burandí wò, tó ń bèèrè bóyá ìdérí rẹ̀ wà, bóyá páálí rẹ̀ wà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó fẹ́ fi páálí ṣe. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgò ojúlówó ni wọ́n ń wá kiri láti rọ ayédèrú ọtí sí, NAFDAC sì ti ya wọ ibi tí irú wọn ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kí ìgò bẹ́ẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bó pépà ara rẹ̀, ẹ fi òkúta lu ìdérí rẹ̀ kó wó, kí ẹ sì ya páálí. Ìgò tó bá ti wà níhòòhò báyìí, ẹni tó fẹ́ fi ta ẹ̀pà á rà á, oníjìbìtì ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku ìgò wáìnì, ìgò ṣìnáàpù, ti oyin àti Bama. Ìwọ̀nyí ni tiyín.

Kí a tó rọ ohunkóhun sínú wọn, òfin kan wà tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lé lórí: ohun tí a kì í mu kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò ohun mímu. Kẹrosíìnì, omi bátìrì mọ́tò, oògùn ẹ̀fọn, omi tí ń bó àbàwọ́n lára aṣọ, Izal, gbogbo wọn. Ọmọ tó bá ti mu mínírà nínú ìgò kan lánàá, bó bá rí i lónìí tí nǹkan wà nínú rẹ̀, kò ní bi yín kó tó gbé e sẹ́nu. Kẹrosíìnì wà lára ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ kéékèèké ní jàǹbá jù nínú àwọn májèlé tí ọsibítù wa máa ń rí, ìgò ohun mímu ni wọ́n sì sábà máa ń bá a. Bó bá ṣẹlẹ̀, epo pupa tí àwọn àgbà máa ń sáré rọ sí ọmọ lẹ́nu kò dára rárá. Ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì máa ń bà jẹ́ jù, kì í ṣe ikùn. Bí ẹ bá fún ọmọ ní epo tàbí tí ẹ fi ìka mú un bì, ohun tó ti lọ sísàlẹ̀ á tún gbà òkè padà, á sì tún rí àyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un ní ohunkóhun. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí ohun tó mu. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí, tó wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó, ni ilé kẹrosíìnì.

Bákan náà, ìgò tó bá ti gbé kẹrosíìnì rí, kó má padà sí ilé ìdáná mọ́. Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í fa nǹkan mu, rọ́bà tó wà nínú ìdérí ló ń gba òórùn sára, àmọ́ kí ni ẹ tún ń fi ìyẹn dán wò fún nígbà tí ìgò mìíràn pọ̀ báyìí?

Fífọ̀ wọn rọrùn. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, pépà ara wọn á bó fúnra rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, omi ò ràn án. Òróró ló ń tú u. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá fi kànìnkànìn àti eérú gbo ó. Fún inú ìgò tí ọwọ́ ò lè wọ̀, ẹ da ìrẹsì díẹ̀ tàbí èèpo ẹyin tí ẹ rún sí i pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Àwọn ìyá wa máa ń lo yanrìn, ó sì ń fọ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ yanrìn a máa ha gíláàsì lára, ibi tí wọ́n bá ti ha ìgò ni ó ti sábà máa ń sán lọ́jọ́ tí ooru bá kàn án.

Bó bá jẹ́ oúnjẹ ni ẹ fẹ́ kó sí i, ẹ sè é. Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìdí ìkòkò, ẹ to ìgò sí i, omi tútù ni kí ẹ dà sí i kó bo ìgò, kí ẹ tó gbé e kaná kó máa gbóná bọ̀. Bó bá ti hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù níbẹ̀. Ẹ má gbé ìgò gbígbóná lé orí táìsì tútù, ẹ má sì da omi gbígbóná sínú ìgò tútù. Ìgò lásán kì í fara da kí ooru àti òtútù yí padà lójijì. Ìgò tí wọ́n dìídì ṣe fún orí iná yàtọ̀ sí èyí.

Ó kan òróró àgbọn yín, èyí tí mo mọ̀ pé ó jẹ yín lógún jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè rọ ọ́ sí ìgò, ìgò sì dára fún un ju ike lọ, torí kì í gba òórùn ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìgò wo? Òróró àgbọn máa ń dì bí ooru bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Àgbádárìgì, ìyẹn ò ṣòro lásìkò òjò tó bá tutù lóru, bí ọyẹ́ bá sì dé lóṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ẹ ó jí lówùúrọ̀ bá a gbagidi. Bó bá dì sí ìgò wáìnì ọlọ́rùn tóóró, oníbàárà yín á dorí rẹ̀ kodò títí, ẹ̀kán kan ò ní bọ́ síta. Á wá fẹ́ fi ọ̀bẹ yọ ọ́, tàbí kó gbé e sítòsí iná, ìgò á sì sán. Ìgò oyin àti ìgò Bama ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, síbí wọ inú wọn. Èyí tó bá ti wà nínú ìgò ọlọ́rùn tóóró, ẹ gbé e sínú abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á yọ́. Ẹ sì máa sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n tó bèèrè: òróró tó dì ò tíì bàjẹ́, wọn ò sì po nǹkan kan mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń dá a padà nítorí ìyẹn.

Omi ni ọ̀tá òróró yìí. Bí ìgò yín ò bá gbẹ táútáú, bó jẹ́ ẹ̀kán omi díẹ̀ ló kù sí ìdí rẹ̀, láìpẹ́ òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òórùn bí ẹni pé ọṣẹ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sè wọ́n tán, ẹ da ojú wọn délẹ̀ sórí aṣọ mímọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ sá wọn sóòrùn. Ẹ jẹ́ kí òróró fúnra rẹ̀ tutù kí ẹ tó rọ ọ́, kì í ṣe nítorí ìgò nìkan. Ooru tó bá jáde lára òróró gbígbóná á lọ lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí, á di omi, á sì kán padà sínú òróró. Ẹ lo àrọ tó gbẹ. Nínú ilé mi, wọn kì í jẹ́ kí àrọ òróró kan omi rárá, aṣọ ni wọ́n fi ń nù ún. Ẹ má sì fi náílọ̀n tí wọ́n ká bí kọ́ọ̀kì dí ẹnu ìgò tí ẹ fẹ́ tà. Ìdérí tó yí mọ́ ọn ni kí ẹ wá. Ẹ yẹ abẹ́ ìdérí irin wò dáadáa, torí afẹ́fẹ́ òkun tó ní iyọ̀ níbí a máa mú kí wọ́n tètè dípẹtà.

Fún àwọn aládùúgbò àti àwọn tó ń wá bá yín nílé, ìgò àlòkù tí a fọ̀ báyìí tó. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lẹ orúkọ yín mọ́ ọn kí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó nílò nọ́ńbà NAFDAC, màá sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra ìgò tuntun tó jọra nígbà náà. Ẹni tó bá rí òróró nínú ìgò mẹ́rin tí ò jọra lórí àtẹ kan, á rò pé wọ́n kàn ṣà á jọ ni.

Àwọ̀ ìgò náà ṣe pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ a máa ba òróró jẹ́, a sì máa mú kí epo pupa ṣí. Ìgò tó dúdú mọ́ pupa, irú ti bíà, ló ń dí ìmọ́lẹ̀ jù. Ti aláwọ̀ ewé tẹ̀ lé e. Èyí tó mọ́ gaara kò dí nǹkan kan. Nítorí náà epo pupa àti òróró ẹ̀pà ni kí ẹ fi ìgò wáìnì aláwọ̀ ewé yín gbé, kí ẹ sì fi wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kì í ṣe ojú fèrèsé.

Kí ni a tún lè fi ìgò ọlọ́rùn tóóró ṣe? Ẹ̀wà! Inú mi máa ń dùn sí èyí. Kòkòrò inú ẹ̀wà náà ń mí, wọ́n nílò afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, kí ẹ fi àrọ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ máa rọra fi ìdí ìgò kanlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ kó lè kún dé ẹnu láìku àyè, kí ẹ wá dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀nba tó wà láàárín ẹ̀wà ni kòkòrò á lò tán, wọ́n á sì kú síbẹ̀ láìsí oògùn kankan. Ohun kan náà ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń lò fún ẹ̀wà lókè Ọya ń ṣe. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á máa ṣí i wò lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ ti fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun. Nítorí náà ìgò kọ̀ọ̀kan fún ìsè kan, èyí tí ẹ bá ṣí, ẹ sè é tán. Irúgbìn àgbàdo àti ti ewébẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ náà ṣeé tọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀pà sísun nínú ìgò, ẹ mọ ìyẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìdíkọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó tutù kó tó wọ inú ìgò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rọ̀. Ìgò róbótó tó ṣe gbọọrọ tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ ni a máa fi ń yí ṣín-ṣín àti mítì-páì. Ẹ da omi tútù kún inú rẹ̀ kí ẹ dé e, á wúwo, kò sì ní jẹ́ kí bọ́tà inú ìyẹ̀fun yọ́. Òun náà ni ẹ lè yí lórí edé gbígbẹ tàbí ẹ̀pà sísun láàárín aṣọ mímọ́ méjì bí iná ò bá sí láti lò ẹ̀rọ. Àwọn ìgò bítà kéékèèké dára fún ata gígún àti kọ́rì.

Ẹmu àti ohunkóhun tó bá ń ru, ẹ má dé e pa sínú ìgò. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ á máa kó jọ títí ìgò á fi bú. Ẹ wo bí àwọn ẹlẹ́mu ṣe máa ń dí ẹnu ìgò wọn, wọn kì í dí i pa. Sóbò tó bá pẹ́ náà a máa ru. Ẹ má sì gbé ìgò tó kún sínú fírísà: bí omi bá di yìnyín, ó máa ń fi nǹkan bí 9 nínú 100 tóbi sí i, gíláàsì ò sì mọ bí a ṣe ń fẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjárá, ilẹ̀ yín máa jẹ́ yanrìn bíi tiwa, omi kì í dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá gbin tòmátò, ata tàbí efinrin sínú ike tàbí ebè kékeré, ẹ bu omi kún ìgò wáìnì, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò wọ inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ ni omi á máa sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dára, ó lè fún irúgbìn lómi fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú yanrìn tiwa, kó tó di ọ̀sán ó ti tán. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà tàbí ìdọ̀tí ewé mọ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi àkísà kékeré dí ọ̀nà ọ̀fun ìgò kí omi máa yọ́ jáde. Ìgò tó bá kù, ẹ rì wọ́n yí ebè ká, orí sísàlẹ̀, ìdí sókè, kí èyí tó pọ̀ jù lára wọn wọlẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ọmọ ò ní lè gbá a fọ́. Òjò ò ní lè gbá yanrìn ebè yín lọ mọ́. Kí ìdí rẹ̀ wà lókè ṣe pàtàkì: ìgò tó bá la ẹnu sójò á gba omi, ní nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹyin tí ẹ̀fọn yé síbẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Èyí kan àwọn tó wà ní òkìtì lẹ́yìnkùlé yín lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ da ojú wọn délẹ̀ lónìí, kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ kọjú rẹ̀ sókè, ẹ gbé ìgò funfun tó kún fún omi lé e lórí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ tààrà sí àjà á fọ́n ká yàrá. Bí ẹ bá kán mílíìkì díẹ̀ sínú omi náà, á túbọ̀ fọ́n ká. Ẹ rí i pé ìta ìgò gbẹ, kí omi má bàa wọ fóònù. Irú ọgbọ́n yìí kọ́ ni ti Alfredo Moser, mekáníìkì ará Brazil tó fi ìgò omi tan ìmọ́lẹ̀ sínú ilé lọ́sàn-án láti orí páànù lọ́dún 2002. Ìgò ike ni ó lò, ẹ má sì gbé ìgò gíláàsì gun òrùlé nítorí rẹ̀. Ẹ má fi àtùpà kẹrosíìnì sínú ìgò. Ẹ má sì fi ìgò funfun tó kún fún omi sílẹ̀ lójú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, nítòsí kọ́tìnì tàbí pépà. Omi inú rẹ̀ lè kó oòrùn jọ sójú kan títí nǹkan á fi gbaná.

Ọ̀ṣọ́ ṣíṣe, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ àjákù àdìrẹ tàbí ańkárá mọ́ ọn lára, tàbí kí ẹ fi okùn tí wọ́n hun láti ara èèpo àgbọn wé e láti ìdí dé ọrùn, ó rẹwà, kò sì wọ́n níbí. Ẹ fi òdòdó sí i, ó tó. Ìgò tí ẹ bá fi ọ̀dà kùn, kó má gbé oúnjẹ mọ́. Ti fífọ́ ìgò gún orí ògiri nítorí olè, ọmọ yín á kọ́kọ́ gùn ún kí olè tó gùn ún.

Èyí tó bá fọ́ nínú wọn, ẹ má jù ú sínú àpò ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bá LAWMA kó ìdọ̀tí, ọwọ́ lásán ni àwọn mìíràn nínú wọn fi ń gbé àpò. Ẹ wé e nínú pépà tó nípọn, ẹ kó o sínú agolo mílíìkì tàbí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ kọ "àfọ́kù ìgò" sí i lára. Bó bá pọ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún oníra-ìgò. Ní Àgbárá, lójú ọ̀nà wa yìí, ilé iṣẹ́ Beta Glass ń ṣe ìgò, àfọ́kù sì wúlò nínú iṣẹ́ gíláàsì: wọ́n máa ń pò ó mọ́ yanrìn nínú iléru tó ń gbóná tó nǹkan bí 1500 Celsius, ó sì máa ń tètè yọ́ ju yanrìn lọ, èyí tó ń dín epo tí wọ́n ń sun kù.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣa èyí tí wọ́n fẹ́. Mo fura pé ìgò ṣìnáàpù ni wọ́n á mú, fún epo àti àgbo. Lẹ́yìn náà ẹ mú ti òróró àgbọn, ti ẹ̀wà àti ti inú ọgbà yín, kí ẹ sì gbé kéréètì padà fún ẹni tó ni ín. Ìyókù, bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn oníra-ìgò ní àdúgbò, ẹ pe ìyá kí wọ́n fúnra wọn dúná-dúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí owó náà sì jẹ́ tiwọn.